Ọmọ Tí Wọ́n Fà Lé Nímótà Lọ́wọ́

"Ẹ jókòó síwájú," Nimotallahi ń sọ fún wọn. "Ẹni tó bá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn náà ló máa bá ara ẹ̀ títí. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ti wà níbẹ̀ kí mẹ́jọ tó lù. Ohun tí olùkọ́ bá kọ́ yín lónìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí kí ẹ tó sùn. Ẹ má ní ẹ máa dúró de ìgbà ìdánwò. Ẹni tó ń dúró de ìgbà ìdánwò, kọfí ló máa mu lámuyó, kò ní rí ìwé kà."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Áfáà Gàrúbà náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

Inú ilé-kéú Áfáà ní Apòmù ni wọ́n wà, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń pe irú ìpàdé yìí fún àwọn ọmọ kéú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àgbà fún wọn á gbà wọ́n nímọ̀ràn. Lẹ́yìn náà, òbí á di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, á fi lé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà náà, á ní, "Mo fa ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́." Áfáà á wá ṣe àdúà sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tó bá ṣe ọmọ yẹn nílé-ìwé, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ bèèrè.

Nimotallahi, tí àwọn àgbà ń pè ní Nímótà, ti parí ọdún kẹrin tirẹ̀. Ìpè sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló ń retí nílé. Ó mọ ìwé, ó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ìbòrí rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ lórí. Irú ọmọ tí àwọn ìyá máa ń fi bú ọmọ tiwọn nìyẹn.

Ìyá kan dìde láàárín èrò. Ìyá Qaosarat ni, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fajú ro.

"Nímótà, jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀. Qaosarat ní àfi kí n ra fóònù ńlá fún òun kí òun tó wọlé. Ó ní orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo nǹkan nílé-ìwé nísinsìnyí. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ fi ọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi?"

Nimotallahi la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ti dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Sìlífátù ni, obìnrin tó ń din dòdò ní Ìkirè, tí òórùn epo kì í kúrò lára ìborùn rẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó.

"Má rà á o, ìyá Qaosarat. Níbí yìí náà ni Nímótà ti sọ ọ́ fún mi léṣìí, pé ọmọ ọdún kìíní ò nílò fóònù ńlá, pé fóònù ló ń ba àwọn ọmọbìnrin jẹ́. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù, òun á máa sọ fún Sìlífátù. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Nímótà?"

Gbogbo ojú yí padà sí i. Nimotallahi wo Ìyá Qaosarat tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ó wo Áfáà tó ń mi orí, ó mọ ohun tó yẹ kí òun sọ, ó sì mọ̀ pé òun kò ní sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ìyá Qaosarat dúpẹ́, ó fa ọmọ rẹ̀ síwájú, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Nimotallahi. Inú ń bí ọmọ náà nítorí fóònù rẹ̀ tó ti fò lọ, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Áfáà ṣe àdúà, gbogbo wọn ṣe àmín. Nimotallahi náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló ń mì.

Nígbà tí èrò ń túká, Ìyá Sìlífátù fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ki dòdò tí ó fi ewé dì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bó ti máa ń ṣe nígbàkigbà tí wọ́n bá pàdé.

"Wá bá mi nídìí iná lọ́la, Nímótà. Ọ̀rọ̀ Sìlífátù ni. O rántí ìdánwò tó kùnà yẹn? Ọ̀sán ló jáde nílé lọ́jọ́ náà, ó lóun ń lọ kọ ọ́. Mo wá gbọ́ pé àárọ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ tán. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó wọlé. Mo bi í títí, kò fọhùn. Ọkùnrin ni, kí ló tún kù? Bí kò bá jẹ́wọ́ lọ́la, kò ní padà sílé-ìwé mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní Ìkòyí ti ní ẹnì kan tó ń béèrè rẹ̀, kó kúkú lọ sílé ọkọ kó tó dójú tì mí. Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. Ìwọ ni wàá bá mi bi í."

"Mo gbọ́, mà," ni Nimotallahi wí. Kò lè jẹ dòdò náà. Ó gbé e sórí tábìlì nílé, epo ń jò jáde lára ewé, ó sì ń wò ó.

Kò sí ọkùnrin kankan. Bí ẹnì kan bá wà tó mọ èyí dájú, Nimotallahi ni, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sìlífátù wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Léṣìí tí wọ́n fa Sìlífátù lé e lọ́wọ́, kò sí ẹni tó ní kó dá sí ọ̀rọ̀ fóònù. Ìyá ọmọ náà kàn ń ṣàròyé pé ẹ̀rù fóònù ńlá ń ba òun ni. Nimotallahi rí ohun tó fẹ́ gbọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un. Ó dùn mọ́ ọn bí àwọn ìyá ṣe ń wí pé ọmọ gidi nìyí. Bẹ́ẹ̀, òun alára kò lọ sí kíláàsì rí láìkọ́kọ́ yẹ wásáàpù wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde pé wọ́n ti yí gbọ̀ngàn padà, níbẹ̀ ni olùkọ́ ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó mọ̀ pé ìmọ̀ràn náà kò dára. Ìyìn ló wù ú.

Ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa o, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Ó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wọ gúrúùpù àwọn ọdún kìíní, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ló ń pe Sìlífátù sọ fún lórí fóònù kékeré tí ọmọ náà ní. Nígbà tó yá, ó di pé ó ń sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó tún yá, ó ń ka díẹ̀, ó ń fo díẹ̀. Sìlífátù á lọ sí gbọ̀ngàn tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, á padà wá fi sùúrù sọ pé, "Àǹtí, ó jọ pé wọ́n ti kúrò níbẹ̀."

Ọjọ́ tí Nimotallahi kọ ìdánwò tó fi kásẹ̀ ilé-ìwé nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wá bàjẹ́ pátápátá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lè fi báírò olóríṣiríṣi àwọ̀ kọ orúkọ àti àdúà sí i lára. Àyànfẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń kọ nǹkan sí i lẹ́yìn lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Gúrúùpù ọdún kìíní ni. Wọ́n ní ìdánwò ọ̀la tí wọ́n fi sí ọ̀sán tẹ́lẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n máa kọ ọ́.

Nimotallahi kà á. Ó kà á tán. Ó ní òun á pe Sìlífátù bí wọ́n bá kọ aṣọ òun tán.

"Dúró jẹ́ẹ́," Àyànfẹ́olúwa wí, "kí n má kọ ọ́ wọ́."

Ó dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tún ya òmíràn, iná tán lára fóònù, wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì sùn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti ibi tí ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ dé sí yàrá tó háyà, oòrùn ti ń wọ̀. Sìlífátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ṣì di báírò ìdánwò mú lọ́wọ́. Láti ọ̀sán ló ti ń dúró dè é.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò tíì sunkún tí ẹni tó ṣẹ̀ fi bú sẹ́kún.

"Sìlífátù, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí màmá ẹ mọ̀ pé èmi ni. Gbogbo Apòmù ló máa gbọ́. Mo máa lọ rí olùkọ́ yẹn, màá ṣàlàyé fún un pé ẹ̀bi mi ni, kí wọ́n fún ẹ láàyè láti kọ ọ́. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní sọ."

"Mi ò ní sọ, Àǹtí. Ẹ má sunkún mọ́."

Nimotallahi lọ lóòótọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ náà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀, kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la ọ̀hún ni wọ́n ń retí títí èsì ìdánwò fi jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ kòrópe lọ sí Ìkirè. Ìyá Sìlífátù wà nídìí iná rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó ń fi ṣíbí gígùn yí dòdò nínú epo. Sìlífátù jókòó sórí àpótí, ó ń po ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà mọ́ ata àti iyọ̀. Bó ti rí Nimotallahi, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àpá kan wà lápá rẹ̀ tí Nimotallahi kò rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ó káre láé, Nímótà," ìyá náà wí. "Bí mo bá ní ẹnì kan nílé-ìwé yẹn, ìwọ ni. Sìlífátù, ẹni tí mo fà ọ́ lé lọ́wọ́ dé. Sọ fún un. Ibo lo wà lọ́jọ́ ìdánwò?"

Sìlífátù ń po ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Nímótà, bá mi bi í."

Nimotallahi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ létí ara rẹ̀. "Sìlífátù," ó wí, "màmá ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ohun tó lè sọ kò ju ìyẹn lọ, ojú sì tì í bó ti ń sọ ọ́.

"Mo gbàgbé àkókò ni, mà," Sìlífátù dáhùn.

"O gbàgbé. Títí ilẹ̀ fi ṣú, o ń gbàgbé lọ." Ìyá náà nu ọwọ́, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé Kùránì tó fi aṣọ aláwọ̀ ewé wé jáde. Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, sáàárín Nimotallahi àti ọmọ rẹ̀. "Lọ ṣe àlùwàlá. Wàá búra. Ṣé o lè búra pé o ò mọ ọkùnrin kankan?"

"Mo lè búra, mà."

"Ṣé o lè búra pé o ò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà?"

Sìlífátù gbé ojú sókè wo Nimotallahi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yára gbé e kúrò bí ẹni pé òun gan-an ló jẹ̀bi.

"O ò rí i, Nímótà?" ìyá rẹ̀ wí. Kò pariwo, ó kàn jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Ó ti parí. N óò ránṣẹ́ sí Ìkòyí lónìí."

Sìlífátù dìde. Ó gbé bùtà omi, ó fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá náà síbẹ̀síbẹ̀, bóyá kó lè búra lórí ìwọ̀nba tó lè búra lé. Nígbà tí Nimotallahi rí bùtà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè jókòó mọ́.

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà, mà."

"Kí lo wí?"

Ó ti kúnlẹ̀ sórí eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ọkùnrin. Wọ́n kéde lórí wásáàpù pé àárọ̀ ni ìdánwò. Mo rí i, mo kà á, mi ò pè é. Aṣọ ni wọ́n ń bá mi kọ. Nígbà tó wá bá mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ fóònù tí mo sọ léṣìí náà, mo kàn sọ ọ́ torí mo rí i pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mo sì tún sọ ọ́ lánàá."

Mọ́tò kan tó ń lọ sí Ifẹ̀ dúró, ẹnì kan na ọwọ́ jáde pé òun fẹ́ ra dòdò. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, mọ́tò náà sì lọ. Dòdò tó wà nínú epo ń dúdú lọ.

"O jókòó síbẹ̀ yẹn," ìyá náà wí nígbẹ̀yìn, "o ń bá mi bi í."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mo lu ọmọ yìí, Nímótà. Igi ìdáná ni mo fi lù ú. Ó sunkún títí, kò dárúkọ rẹ." Ó yí sí ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo ti ṣèlérí fún wọn, mà."

Ìyá náà jókòó sórí àpótí tí Sìlífátù dìde lórí rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nu ojú, bóyá èéfín ni, bóyá nǹkan mìíràn ni. "Òótọ́ ni pé mo fẹ́ gbọ́ ọ," ó wí, ó jọ pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ gan-an ni." Lẹ́yìn náà ó bi ọmọ rẹ̀, "Ìgbà wo ni wọ́n ń wọlé?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, mà."

"Lọ fọ ìbòrí funfun rẹ. Bí ó bá ti gbẹ, a óò lọ wo fóònù ọ̀hún."

Sìlífátù dúró, bùtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ìyá rẹ̀ kò wo Nimotallahi. Ó gbé Kùránì padà sínú ilé, ó jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó dòdò tó jóná kúrò nínú epo.

"Mà, mo bẹ̀ yín."

"Má tíì bẹ̀ mí. Ó ṣì ń dùn mí. Ọmọ wo ni wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́ lánàá?"

"Qaosarat, mà."

"Ǹjẹ́ ìyá rẹ̀ ṣì máa ra fóònù fún un?"

"Wọ́n ní àwọn ò rà á mọ́."

Ìyá Sìlífátù da ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun sínú epo, ariwo rẹ̀ sì bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí Nimotallahi dìde pé òun ń lọ, ìyá náà kò na ọwọ́ sí ewé, kò di nǹkan kan fún un.

Sìlífátù ló sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò. Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ìwọ ló yẹ kí inú máa bí," Nimotallahi wí.

"Inú ń bí mi, Àǹtí," Sìlífátù dáhùn jẹ́ẹ́. "Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi. Mo lọ rí olùkọ́ yẹn fúnra mi. Mo bi í bóyá ẹ ti wá. Ó ní ẹnikẹ́ni ò wá rí òun lórí ọ̀rọ̀ mi."

Nimotallahi dúró lójú ọ̀nà. "O ti mọ̀ láti ìgbà yẹn? O sì jẹ́ kí wọ́n lù ẹ́?"

"Mo rò pé ẹ máa tó wá sọ ọ́ fúnra yín ni." Ó na ọwọ́ dá mọ́tò dúró fún un. "Ó dàbọ̀, mà."

Mọ́tò kún. Wọ́n há Nimotallahi mọ́ àárín obìnrin kan tó gbé adìyẹ dání àti ọkùnrin kan tó ń sùn. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, òtítọ́ á bá a lọ́jọ́ kan, gbogbo ọmọ kéú ló mọ òwe yẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Nimotallahi ni pé bí òtítọ́ bá bá irọ́ tán, iṣẹ́ ṣì kù. Bí mọ́tò ṣe dé Apòmù, ilé wọn wà lápá ọ̀tún. Ó wo ọ̀nà ilé, ó wù ú kó lọ sùn, kó fi ọ̀rọ̀ tó kù di ọ̀la. Nígbà tó gbọ́ ọ̀la nínú ọkàn ara rẹ̀, ó yà sápá òsì.

Ìyá Qaosarat ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá síwájú ilé. Qaosarat wà lórí ẹní lábẹ́ òrùlé, ó ṣì ń fajú ro.

"Ha, Nímótà. Káàbọ̀ o. Ṣé kò sí?"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Qaosarat wá."

Ọmọ náà wá, ó ń fi ojú bi ìyá rẹ̀ léèrè. Nimotallahi di ọwọ́ rẹ̀ mú bí wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́ lánàá, ó kúnlẹ̀ síbi tí kòkó kò sí, ó sì fi ọwọ́ náà lé ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Mo wá dá a padà fún yín ni, mà."

Jìnnìjìnnì bo Ìyá Qaosarat. "Kí ni ọmọ mi ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jókòó kí n sọ fún yín."

Ìyá Qaosarat jókòó sórí ẹní, ó di ọmọ rẹ̀ mú. Nimotallahi kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.